Ọtí àsansílẹ̀ lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Texas: ẹ wo òfin kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun láti Galveston ní Texas, tó sì jẹ́ ìrìn-àjò kúkurú, ẹ má ra ọtí àsansílẹ̀ tí wọ́n máa fi lọ̀ yín. Mo ti rà á, mo ti mu ún, mo sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọtí ni mò ń tà ní Badagry, lọ́nà Ajárá, láti ìgbà tí ọmọ mi àgbà ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye tí kéréètì bíà fi ń wọlé àti iye tó fi ń jáde, mi ò nílò ìwé kí n tó sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Houston tàbí Dallas, tí wọ́n ń pè yín pé kí ẹ wá ṣe fàájì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó san iye kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọkọ̀. Tiwa lé díẹ̀ ní $60 lójúmọ́ fún ẹnì kan, wọ́n sì fi 18% owó iṣẹ́ lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá yín lẹ máa nà sí agbọ́tí: bíà, wáìnì, wisikí, kọfí, mínírà, omi inú ìgò, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ mọ́. Wọn kì í fún èèyàn ju ọtí 15 lọ láti aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kan di aago 6 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó gba òmíràn. Kí ẹnì kan má baà rà á kí gbogbo yàrá máa mu ún, wọ́n ní gbogbo àgbàlagbà tó bá wà nínú yàrá kan náà gbọ́dọ̀ rà á. Ọmọ mi obìnrin tí a jọ sun yàrá kan kì í mutí, kọfí ló ń mu. Síbẹ̀, a san tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló ṣe òfin yẹn, kì í ṣe ìjọba, ó sì yé mi, torí mo mọ ohun tí oníbàárà lè ṣe tó bá rí àyè. Ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a wọkọ̀ gan-an. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, ọkọ̀ ṣì so mọ́ èbúté, oòrùn sì mú. A gun òkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́, mo na káàdì mi. Agbọ́tí náà, ọmọ Philippines kan tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ tán, ó ní, “Mama, ó di ọ̀la, aago mẹ́fà àárọ̀.” Mo ní kí ló dé, ṣebí a ti sanwó? Ó ní òfin Texas ni. Bí mo bá fẹ́ mu lónìí, màá san owó rẹ̀ lọ́tọ̀: bíà kan $8, owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, owó orí ọjà 8.25% tún lórí ìyẹn. Ọmọ mi gbé fóònù jáde. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ojú ewé tí wọ́n ti rà á, ní lẹ́tà wínníwínní. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọn ò gba owó ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ọjọ́ fàájì kan ti lọ nínú èyí tí a rò pé a ń rà.

Ohun tí òfin Texas sọ kò ṣòro. Àjọ TABC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọtí níbẹ̀ kò gbà kí ilé ọtí gba iye kan lọ́wọ́ oníbàárà, kó wá ní kó máa mu títí yóò fi sú u. Èyí tí ẹ bá mu lẹ ó san. New York náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ kan tó ń gbéra níbẹ̀ fi ti sún ọtí àsansílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ lè ta àsíá Panama tàbí ti Bahamas, bí púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà nínú omi Texas, òfin ọtí Texas ló ń tẹ̀ lé.

Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Ẹni tó bá ti ń ta ọtí bí mo ṣe ń tà á mọ̀ pé ẹni tó san owó ìgò kọ̀ọ̀kan mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ẹni tó ti sanwó sílẹ̀ fẹ́ mu owó rẹ̀ tán ni. Mo rí i lórí ọkọ̀ yẹn ní ọjọ́ kejì: àwọn géńdé ọkùnrin tó ń mu ní aago 10 àárọ̀, kì í ṣe pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n ń ka iye tó kù. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú wa lórí ọtí ọ̀rá ní 2024, ó dun ọjà mi, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ọ̀rá kékeré yẹn ń fi awakọ̀ ṣe ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, awakọ̀ tó fẹ́ gbé èèyàn lọ sí Mile 2. Nítorí náà, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ Texas lẹ́nu mi.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú, lórí aago 6 yẹn. Òfin Texas kò bá ọkọ̀ lọ dé Mexico. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ etí òkun ní Amẹ́ríkà, máìlì orí omi 3 ni agbára ìpínlẹ̀ mọ. Ti Texas jẹ́ 9, torí orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni kó tó dara pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà ní 1845, ó sì gbé ààlà rẹ̀ àtijọ́ wọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i fún un ní 1960. A kúrò ní èbúté ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tẹ́tẹ́ wà ní títì pa, ṣọ́ọ̀bù tí kì í gba owó orí náà wà ní títì. Nígbà tí a fi jẹun alẹ́ tán, wọ́n ti ṣí méjèèjì. Bíà tí mo rà lálẹ́ yẹn, kò sí 8.25% nínú rìsíìtì rẹ̀ mọ́. A ti jáde kúrò nínú omi Texas, ẹ̀rọ wọn fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọtí àsansílẹ̀ wa nìkan ló ṣì ń dúró de àárọ̀.

Àwa ará Badagry mọ ohun tí ààlà jẹ́. Kéréètì tó bá kúrò ní Sèmè tó wọ Kraké ní ilẹ̀ Benin, ìgò náà kò yí padà, àmọ́ owó rẹ̀, owó orí rẹ̀ àti ẹni tó láṣẹ láti tà á ti yí padà ní ìṣẹ́jú tó fi kọjá ààlà, kò dúró di ọ̀la. Lójú tèmi, ìdí tí ọkọ̀ fi dúró di ọ̀la ni pé aago 6 sí aago 6 ni wọ́n ń ka ọjọ́ ọtí, wọn ò sì fẹ́ gé ọjọ́ kan sí méjì nínú ìwé owó wọn. Ìrọ̀rùn tiwọn nìyẹn. Kí wọ́n má fi gbogbo rẹ̀ di Texas lọ́rùn.

Ó yá, ìṣirò. $60 pẹ̀lú 18% jẹ́ $70.80. Bíà $8 pẹ̀lú 18% jẹ́ $9.44. Ẹ gbọ́dọ̀ mu bíà 8 lójúmọ́ kí owó yín tó padà bọ̀ sápò. Ní ìrìn-àjò Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ ti lọ, àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ẹ ti ń kó ẹrù sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ kan láàárín, Cozumel lẹ máa wà láti àárọ̀, káàdì ọkọ̀ kò sì ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Mexico. Ẹni tó bá ń mu ọtí alápòpọ̀ olówó gọbọi máa tètè rí owó rẹ̀ gbà. Àwa tó jẹ́ pé bíà ni tiwa, kò lè ṣẹlẹ̀ láìfi ara jìyà.

Ọtí wọn dára o. Ife tutù nini, yìnyín kò wọ́n, àwọn agbọ́tí mọ́ tónítóní, wọ́n sì mọ orúkọ mi kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Guinness tí wọ́n ń fà láti inú ẹ̀rọ níbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 7.5%, tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 4.2%. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ tilé máa rò pé wọ́n bomi là á, wọn ò bomi là á, bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n nìyẹn.

Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin bá wa lọ, ọmọ ọdún 19. Ní Nàìjíríà, 18 ti tó. Lórí ọkọ̀ tó bá gbéra ní Amẹ́ríkà, 21 ni, wọ́n sì ti kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú káàdì, kò sí bí agbọ́tí ṣe máa ṣàṣìṣe. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ ní Cozumel, 18 ni òfin Mexico, òun àti èmi jọ mu bíà níbi tí a ti jẹ ẹja. Ìrọ̀lẹ́ tó padà wọkọ̀, mínírà. Ó bá a lára mu, kò janpata. Mínírà àsansílẹ̀ la rà fún un, owó rẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí tí a wọkọ̀, torí kò sí ọtí nínú rẹ̀. Ìyẹn ni mo lè ní kí ẹ rà láìbẹ̀rù.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tó máa ń ra ìgò bọ̀ wálé. Ṣọ́ọ̀bù orí ọkọ̀ máa ń tọ́jú ìgò yín títí di òpin ìrìn-àjò, ẹ ò lè ṣí i lórí omi. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba lítà kan wọlé fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan láìgba owó orí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Galveston, àwọn òṣìṣẹ́ TABC wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba owó orí ti ìpínlẹ̀ tiwọn lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Dọ́là díẹ̀ ni mo san lórí tequila tí mo rà, wọ́n fún mi ní rìsíìtì, ó tán. Ẹ ṣáà fi í kún iye tí ẹ rò pé ẹ ti jèrè.

Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ ya àárín ìlú Galveston. Ibẹ̀ ni ọ̀gágun Gordon Granger ti gbé àṣẹ jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti di òmìnira. Kò kan ọtí. Ṣùgbọ́n ọmọ Badagry ni mí, mo dúró níbẹ̀ títí ọmọ mi fi ní ọkọ̀ máa lọ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ọtí àsansílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, ní èbúté wo, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yẹ kó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ owó, ní lẹ́tà tó tóbi tó owó náà. Ẹni tó bá ń gbéra ní Miami kò ní ìyọnu yìí, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń lọ Sípéènì, kó béèrè nípa owó orí ọjà tiwọn, 10%, tí ọkọ̀ lè fi lé ọtí nínú omi wọn.

Ní ti èmi, ọkọ̀ tiwa gbà kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé ìgò wáìnì kan wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ọmọ mi bá tún pè mí, màá gbé tèmi dání fún alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ kejì, bíà 3 lójúmọ́, mo san owó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: $28.32.