BOSS RC-1: ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu ń wá orin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti gìtá kẹ́ ẹ lè hú orin jáde, tiyín ni mo bá wá o. Pẹ́dàlì kékeré kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó máa ń wà láàárín gìtá àti áńpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) ni, BOSS RC-1, looper ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe, ohun tẹ́ ẹ bá ta sí i náà lá máa tún ta títí ẹ ó fi sọ pó tó.

Mo máa tẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo ta kọ́ọ̀dù G, C, D (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan téèyàn ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), mo tún tẹ̀ ẹ́ níbi tó yẹ kó padà sí G, ó ti ń yí nìyẹn, mo gbọ́wọ́ kúrò lára okùn, ó wá ku ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan o, la la la lásán ni. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mọ́ mi, torí téèyàn bá ń ta gìtá tó tún ń wá ohùn, ọwọ́ ló máa ń fa ẹnu kiri, ibi tí kọ́ọ̀dù bá ti yí lorin náà ń yí, gbogbo orin ẹ á wá jọra. Ẹ dúró sórí nóòtù D nìkan, ohùn ẹyọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wò ó, ó wà nínú kọ́ọ̀dù G, ó wà nínú kọ́ọ̀dù D, àmọ́ lórí C ó máa dà bíi pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu yín, orin lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwa tá à ń kọ ọ́ ní Yorùbá ṣá, ẹ má jẹ́ kí la la la yẹn pẹ́ jù. Tí ohùn bá ti dì kẹ́ ẹ tó wá ọ̀rọ̀, orin á máa lọ sísàlẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ lọ sókè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ ń sọ. Ṣebí ohun tó ṣe àwọn orin ìsìn tí wọ́n fi ohùn òyìnbó kọ nìyẹn, káwọn bíi Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà Marina l'Ékòó, tó wá ṣe èyí tó bá èdè mu. Èmi máa ń tètè ju gbólóhùn kan sí i, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bíi “ẹ bá mi dúró dè é”, màá sọ ọ́ ní àsọtúnsọ lórí kọ́ọ̀dù tó ń yí títí tí yóò fi dorin fúnra ẹ̀.

Ìdààmú pẹ́dàlì yìí ni pé bọ́tìnnì kan ló ní. Ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá lẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró, tẹ́ ẹ bá ń fà á, á rò pé ẹ tún fẹ́ fi nǹkan kún un ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á yọ èyí tẹ́ ẹ fi kún un gbẹ̀yìn. Kò ní ìlù nínú. Ìṣẹ́jú 12 ló lè gbà sílẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe gbogbo ìyẹn, ìlà mẹ́rin ti tó! Bátìrì 9V ń gbé e, ìyẹn dáa tíná bá lọ, tí áńpù yín náà bá ń lo bátìrì.

Gìtá tí ò ní pickup, ohun tó ń gbé ohùn okùn sínú wáyà, ò lè lò ó o, ẹ kúkú fi fóònù gba kọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa kọrin lé e. Kódà ẹni tó rà á ṣì máa nílò fóònù láti gba ohùn ẹnu. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ìkan tó kù, ó dọjọ́ tí wọ́n bá fi ihò máìkì sí i.