Ilẹ̀ tí mo rà l'Òkè-Ògùn: oúnjẹ pọ̀, ìjì ń bẹ, ajẹ́ǹtì ò sọ

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ló mú mi kọ èyí. Ẹ̀yìn Ṣakí ni oko wa wà. Lọ́jọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ò tíì lé tán tí ìhà ìlà oòrùn fi ṣú dùdù, eruku pupa gbéra nílẹ̀ bí ògiri. Ibi tí a ti ń sáré kó gbódó tí a sá sórí àpáta ni mo ti gbọ́ páànù tó ń lu ara rẹ̀ pàpàpà. Etí bàráńdà ló kọ́kọ́ ṣí, ìṣó ń fà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di gbàà! Òrùlé iwájú gbéra tigi-tigi, ó di inú oko kaṣú.

Mo pe ajẹ́ǹtì tó ta ilẹ̀ náà fún mi. Òun náà ló mú bíríkìlà wá, òun ló dúró lórí ilẹ̀ yẹn tó ní, "Ọ̀gá, ibí yìí tutù, kò sí wàhálà kankan." Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Mo ní ṣé kò mọ̀ pé lọ́dọọdún ni ìjì ń jà níbẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tó tún ń padà wá bí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀? Ó lóun wà lórí ọ̀kadà, òun á pè padà. Kò pè. Nígbà tí mo tún pè, ó ní kí n bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì ní ilẹ̀ làwọn tà, àwọn ò ta atẹ́gùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju páànù lọ. Ọmọdé abúlé lè na ọwọ́ síbi tí ìjì ń gbà wá. Ẹni tó gba owó ilẹ̀ ni kò wá mọ̀?

Baálẹ̀ ló rán káfíńtà kan sí mi, bàbá àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí ilé po, ó fọwọ́ kan etí òrùlé tó kù: "Ìlà oòrùn ni wọ́n kọjú bàráńdà yín sí. Abẹ́ ibí ni atẹ́gùn kó sí." Ó gé etí òrùlé kúrú, ó jẹ́ kó dà sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ de igi òrùlé mọ́ inú ògiri gan-an. Nígbà tó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀, mi ò lè dúnàá-dúrà. Ìjì ti jà lẹ́yìn ìyẹn. Páànù kan ò mì. Sólà tó ń fún wa níná ti kúrò lórí òrùlé, orí ilẹ̀ ló wà báyìí.

Ní ti oúnjẹ, mi ò rí irú ilẹ̀ yìí rí. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọkà bàbà, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe dáadáa. Owó kaṣú ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣu tuntun ṣì jìnnà. Àwọn ìyá àdúgbò kọ́ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Omi ló le. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kànga wa sì ń gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ẹ ra táǹkì ńlá, kí ẹ máa gbe omi òjò. Ọ̀rọ̀ omi, àwọn obìnrin tó ń pọn ọ́n ni kí ẹ bi, ẹ má bi ajẹ́ǹtì.

Ajẹ́ǹtì àti ọ́fíìsì rẹ̀: 1 nínú 5.
Ibẹ̀ fúnra rẹ̀: 5 nínú 5, tìjì-tìjì. A ò kó lọ síbì kankan.