Iṣẹ́ abẹ àpò omi inú pancreas: bí wọ́n ṣe tọ́jú mi

Ó lé ní ọdún kan tí inú mi fi ń kún lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Síbí ìrẹsì mẹ́ta, mo ti yó. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n pè é níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, oògùn rẹ̀ ni mo sì ń lò títí mo fi lọ ya sikáànù. Àpò omi ni wọ́n bá ní ìrù pancreas, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe ínsúlín àti omi tó ń mú kí oúnjẹ dà. Wọ́n ní àwọn á fa omi náà, kí n máa lọ sílé.

Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ èyí. Kó tó wo sikáànù, ó bi mí: "Mà, ṣé pancreas yín ti wú rí? Ṣé ẹ máa ń mutí? Ṣé nǹkan gbá yín níkùn rí?" Mo ní rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní omi tó rọ́ jọ lẹ́yìn ìwúlé pancreas ni èèyàn lè fà dànù. Èyí tó dédé hù ní ìrù pancreas obìnrin ẹni ọdún 46, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ irú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ obìnrin nìkan ló ń ṣe. Tí wọ́n bá fa omi rẹ̀, èèpo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èèpo yẹn ló sì lè di jẹjẹrẹ.

Wọ́n ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun mi, wọ́n fa díẹ̀ wò. Ó ń yọ̀ bí ilá, CEA, èròjà kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú omi náà, sì ga kọjá 192, iye tí wọ́n fi ń dá irú yìí mọ̀. Kì í ṣe gbogbo àpò omi inú pancreas ni wọ́n ń gé o. Ìyá àgbà kan tá a jọ jókòó, irú tirẹ̀ tí omi rẹ̀ ṣàn kì í sábà di jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kó máa wá ya àwòrán nìkan. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí wọ́n tó gé ìrù pancreas mi, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí spleen, ẹ̀yà ara tó ń bá àìsàn jà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù pancreas, lè bá a lọ. Ó sì bá a lọ.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Rọ́bà tí wọ́n fi síhà mi ló gba ẹyọ kan. Omi pancreas ń jò níbi tí wọ́n gé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé àpò rẹ̀ káàkiri. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ṣáájú. Ọkọ mi ò rí oorun sùn. Ó rò pé wọ́n ti ṣe mí léṣe.

Àbájáde dé: kò sí jẹjẹrẹ. Mo sunkún níwájú dókítà. Ṣúgà mi ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò, torí ìwọ̀nba pancreas tó kù ló ń ṣe ínsúlín fún gbogbo ara.

Ẹni tó bá ń lọ, kó mú CD sikáànù dání. Ìwé àbájáde nìkan ò tó dókítà yẹn. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àpò náà.