East Lake Sammamish Trail: ọ̀nà tó dùn ún rìn, tó ṣòro láti gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀

Máìlì 11 ni ọ̀nà ìgbafẹ́ yìí gùn, láti Redmond dé Issaquah ní ìpínlẹ̀ Washington, ní etí adágún Sammamish lápá ìlà oòrùn. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í lè gun òkè tó le, nítorí náà ó tẹ́jú débi pé ọmọdé àti àgbàlagbà lè rìn ín láìmí gúlegúle. Ṣùgbọ́n ilé ló wà lọ́tùn-ún, ilé ló wà lósì. Láwọn ibì kan, àárín ilé àti etí omi onílé gan-an ló gbà kọjá. Torí ìyẹn, kò tó ká sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó yẹ ká sọ bó ṣe rí lójú fèrèsé ẹni tó ń gbé tòsí rẹ̀ náà.

Tí a bá ní ká fún un ní máàkì nínú 5: ojú ọ̀nà gba 5, ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn onílé ti dábùú rẹ̀ gba 3, bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ láàárín ìjọba àti àwọn aládùúgbò gba 2. Máàkì kejì àti ìkẹta yìí la máa pẹ́ lórí wọn.

Ká tètè sọ ti ojú ọ̀nà. Ọ̀dà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wọ́n dà sí i, òkúta wẹ́wẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún fi ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ tí ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ dúró sí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18, bíi mítà 5 àti ààbọ̀. Èèyàn méjì lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí kẹ̀kẹ́ sì kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bọ́ sínú koríko. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dára fún orúnkún àwọn tó ń sáré. Kò sí ohun tí a fẹ́ yọ níbẹ̀.

Inú ìwé ilẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ojú irin gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó síbẹ̀, àwọn ìwé kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1887. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dẹ́kun, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1983 gbà á láyè pé kí wọ́n pa ojú irin tí wọn kò lò mọ́ mọ́ de ọjọ́ iwájú, kí àwọn èèyàn sì máa fi rìn títí dìgbà náà. Lójú òfin, ojú irin náà kò kú, ó sùn ni. King County, ìyẹn ìjọba àgbègbè ibẹ̀, gba ọ̀nà náà lábẹ́ òfin yìí lọ́dún 1998. Onílé ní tirẹ̀ ti rò pé bí ọkọ̀ bá ti lọ, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó ti gbin òdòdó síbẹ̀, ó ti kọ́ àtẹ̀gùn tó sọ̀ sí etí omi, ó ti sọ apá kan di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kì í ṣe olè. Kò sẹ́ni tó bá a wí nígbà tó ń ṣe é.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ ti àgbègbè kẹsàn-án dá ìjọba láre lọ́dún 2002 lórí ọ̀kan nínú àwọn ìwé 1887 yẹn: ó ní wọ́n ta ilẹ̀ náà pátápátá fún ilé iṣẹ́ ojú irin ni, kì í ṣe pé wọ́n kàn fún un láyè láti gbà kọjá. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ kan náà tún dá ìjọba láre nínú ẹjọ́ mìíràn lórí ọ̀nà yìí. Ẹ má ṣe rò pé ìjọba ló máa ń jàre níbi gbogbo o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin 1983 lọ́dún 1990, àmọ́ ó sọ pé onílé tí wọ́n bá gba ohun ìní rẹ̀ lè béèrè owó gbà-má-bínú. Lọ́dún 2014 ẹ̀wẹ̀, ilé ẹjọ́ kan náà dá onílẹ̀ kan láre ní Wyoming, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ ìgbàkọjá lásán ni ìjọba fún ojú irin, tí wọ́n sì ti pa ojú irin náà tì. Gbólóhùn kan nínú ìwé ló ń pààlà: ṣé “mo ta ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí” ni wọ́n kọ, àbí “mo fún ọ láyè láti gba orí ilẹ̀ mi kọjá”? Aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ń lo géètì kan náà lè ní ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó kọ́kọ́ lọ ka tirẹ̀ kó tó dá owó fún lọ́yà.

Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn nínú ètò King County kò sí nínú òfin, inú ìwọ̀n ilẹ̀ ló wà. Ẹsẹ̀ bàtà 18 ni ọ̀nà nílò, ṣùgbọ́n láwọn ibì kan ilẹ̀ tí ìjọba ní fẹ̀ tó 100. Inú ìyókù yẹn ni àtẹ̀gùn, ọgbà òdòdó àti ọ̀nà ọkọ̀ àwọn onílé wà. Ọ̀nà àbáyọ tí ìjọba mú wá ni ìwé àṣẹ: kí onílé béèrè, kí wọ́n fún un, kí ó máa lò ó. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ àṣẹ tí wọ́n lè gbà padà ni. Ẹni tó fẹ́ mọ ògiri kọ́ńkéré tó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé rẹ̀ mú kò lè fi ọkàn balẹ̀ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n pín in sí méjì: ohun tó ṣeé hú láàárín ọjọ́ kan, irú bí òdòdó àti àga, kí ó gba àṣẹ kúkurú; ohun tó di ilẹ̀ mú tàbí tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ilé, kí ó gba àdéhùn tí wọ́n kọ sínú ìwé ilẹ̀ fún ọdún gígùn.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló kàn. Ohun tí àwọn onílé ń kọ́kọ́ béèrè ni ọgbà onígi gíga tó máa dí ojú ẹni tó ń kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń ní kí wọ́n gbé e sí ibi tí kò ní wúlò. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ni ojú irin máa ń wà lórí rẹ̀. Ká ní ojú ọ̀nà fi mítà 1.5 ga ju àgbàlá lọ, tí ojú ẹni tó ń rìn wà ní mítà 1.6 sókè ọ̀nà: mítà 3.1 ni ojú yẹn fi ga ju àgbàlá. Ẹ wá ri ọgbà mítà 1.8 mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mítà 4 sí ẹni tó ń rìn. Ojú rẹ̀ á fo ọgbà náà, ẹni tó bá sì jókòó ní ìwọ̀n mítà 4 sẹ́yìn ọgbà, gbangba ló wà. Ẹ gbé ọgbà kan náà lọ sókè, sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bàtà kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta wẹ́wẹ́: orí rẹ̀ á di mítà 3.3 sí àgbàlá, ojú ẹni tó ń rìn yẹn kò sì ní kọjá rẹ̀. Ọgbà kan náà, iye igi kan náà, ibi tó dúró nìkan ló yí padà.

Ẹ má sì tìtorí ìyẹn fi ọgbà dí ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọgbà mítà 1.8 lọ́tùn-ún lósì máa ń sọ ọ̀nà di ihò, ẹni tó ń dá rìn nírọ̀lẹ́ kò ní rí ibi tó máa yà sí. Mítà 10 sí 15 níwájú ibi ìjókòó tàbí fèrèsé yàrá ti tó. Kí ìyókù jẹ́ igi òdòdó tó kúrú.

Ibi tí máàkì 3 ti wá ni ìkòríta ọ̀nà àti ọ̀nà ọkọ̀ onílé, níbi tí ohun tí onílé fẹ́ ti ń kọlu ohun tó máa dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Máìlì 15 ní wákàtí kan ni òfin gba kẹ̀kẹ́ láyè láti sá. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà ṣe ń ṣírò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ tó ń sá bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bíi mítà 31 kó tó dúró pátápátá. Ní máìlì 20, ó di 48. Ojú awakọ̀ ń kọ́? Ó wà ní bíi mítà 2.4 sẹ́yìn imú ọkọ̀ rẹ̀. Bí igi ọgbà bá ga, tó sì dúró ní ibi tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà parí sí, imú ọkọ̀ á ti wọ orí ọ̀dà tó mítà 1.5 kí awakọ̀ tó rí nǹkan kan. Ìyẹn ju ìdá mẹ́ta ọ̀nà lọ dáadáa. Àmì ìdúró kò lè tún ìyẹn ṣe. Igi tó fún onílé ní ìpamọ́ ló fọ́ ọ lójú nígbà tó ń jáde kúrò nílé rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ kò wọ́n: kí wọ́n gé igi tó wà ní igun méjèèjì sí ìsàlẹ̀ mítà 0.75, kí wọ́n sì fi igi tó ga sí ẹ̀yìn, níbi tí kò ti di ojú. Kí wọ́n gbé ojú ọ̀dà sókè díẹ̀ níbi ìkòríta, kí taya ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ fún awakọ̀ pé ó ti wọ ilẹ̀ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Òpó tí wọ́n máa ń rì sí àárín ọ̀nà kí ọkọ̀ má bàa wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá tẹ̀lé ara wọn, ti ẹ̀yìn kì í rí òpó náà títí ó fi gbá a.

Omi ni wọ́n máa ń gbàgbé nínú ìpàdé. Òkúta ojú irin máa ń fa omi mu. Ọ̀dà kì í fa á. Mítà 100 ọ̀dà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ bíi mítà 366 níbùú lóròó, òjò mìlímítà 10 lórí rẹ̀ sì máa ń di lítà 3,660. Bí ọ̀nà bá rọ̀ sí apá adágún nìkan, ilé ìsàlẹ̀ ló máa gba gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí gọ́tà wà lápá òkè, kí páìpù gba abẹ́ ọ̀nà, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìbú ọ̀dà má ju ìdá 2 nínú 100 lọ nítorí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka tó máa kó ewé kúrò lẹ́nu páìpù sínú ìwé. Páìpù tí kò ní olùtọ́jú, ọdún kejì ló ń dí.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọ̀nà á ba ilé wọn jẹ́ lọ́jà máa ń béèrè nípa Burke-Gilman, ọ̀nà ìgbafẹ́ mìíràn ní Seattle, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978 lẹ́yìn tí àwọn onílé kan ti ta kò ó. Ìwádìí tí ìlú náà ṣe lọ́dún 1987 fi hàn pé ilé tó wà nítòsí, tí kò fara kan ọ̀nà, ń fi bí ìdá 6 nínú 100 wọ́n sí i. Ilé tó fara kan án gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní iye, àmọ́ ó ń rọrùn díẹ̀ sí i láti tà. Ó tù wá nínú, ṣùgbọ́n ẹ má fi í na ẹni tí ọ̀nà la àgbàlá rẹ̀ sí méjì. Ìwádìí yẹn kò sọ nǹkan nípa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní Ballard, ní ọ̀nà kan náà, bíi máìlì 1.4 ti wà láìparí fún ohun tó ju 20 ọdún lọ, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ tó ń dábùú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòríta náà ló fa ìjà yẹn, kì í ṣe ti ìgbafẹ́.

Fún àdúgbò tí irú ètò yìí ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn: ẹ ní kí àwọn awọnlẹ̀ ri èèkàn sí ààlà, kí ẹ tó wọ ìpàdé àkọ́kọ́. Èèkàn tí ojú rí máa ń mú ẹjọ́ mélòó kan kúrò nílẹ̀. Ní ti ìpamọ́, ẹ wọn nǹkan láti orí àga tí ẹ ń jókòó sí, ẹ má wọ̀n ọ́n láti ara ọgbà. Ẹ béèrè àwòrán nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé ìdá 30 nínú 100, torí ìgbà náà ni ilà ọ̀nà ṣì lè sún mítà méjì sí ọ̀tún tàbí òsì. Tó bá ti di ìdá 90, irú igi àti àwọ̀ ọgbà nìkan ló kù láti jíròrò. Bí igi ńlá bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yí ọ̀nà ká gbòǹgbò rẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé ọ̀dà kọjá lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá gé gbòǹgbò, igi á kú díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì da ọ̀dà lé e, gbòǹgbò á gbé ọ̀dà náà sókè.

Ẹni tó fẹ́ sáré kẹ̀kẹ́ ju máìlì 15 lọ, títì East Lake Sammamish Parkway wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó gba ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó wá láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó sì máa fetí sílẹ̀ tó bá dé ibi ọ̀nà ọkọ̀: géètì tó ń ṣí máa ń dún kí imú ọkọ̀ tó yọ.