HSG àti ṣíṣí ọ̀nà ẹyin lábẹ́ X-ray: báwo ni ìtànṣán rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

HSG, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ti oògùn àwòrán sínú ilé ọmọ kí X-ray lè fi hàn bóyá ọ̀nà ẹyin ṣí, la máa kọ́kọ́ gbóríyìn fún. Ẹ̀rù ìtànṣán ló ń ba ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe é, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kì í sábà ju 1 sí 2 mSv (ìwọ̀n ipa ìtànṣán lórí ara) lọ. Èyí tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti òfuurufú ń fọ́n sí wa lára lọ́dún kan tó nǹkan bíi 2.4 mSv ní ìpíndọ́gba káríayé. Ìtànṣán tó lè pa ilé ẹyin kú pátápátá á tó nǹkan bíi 2,500 mGy (ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀yà ara kan gbà). mGy díẹ̀ péré ló ń dé ibẹ̀ nínú HSG.

Ṣíṣí ọ̀nà tó dí ló gba ìṣọ́ra jù. Wọ́n á gba ẹnu ilé ọmọ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé títí dé ẹnu ọ̀nà ẹyin, wọ́n á wá ti wáyà tí kò tó ìdajì mìlímítà la inú rọ́bà mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́ kọjá. Gbogbo ìrìn wáyà yẹn ni wọ́n ń fi X-ray wò, ìdí nìyẹn tí ohun tí HSG ń ṣe ní bíi ìṣẹ́jú kan fi lè di ìṣẹ́jú mélòó kan níbí.

Ibi tí iṣẹ́ dáadáa ti yàtọ̀ sí gbàrọgùdù ni ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dàlì tó ń tan X-ray. Ẹ̀rọ tó ń ju ìtànṣán ní ìgbà 7.5 tàbí kó dín láàárín ìṣẹ́jú àáyá tó fún iṣẹ́ yìí. Kò sídìí fún 30. Àwòrán tó gbẹ̀yìn yẹ kó dúró lójú ẹ̀rọ kí dókítà máa wò ó láìtẹ pẹ́dàlì. Kí wọ́n dín fèrèsé ìtànṣán kù sórí ilé ọmọ nìkan, kí awò tó ń gba àwòrán súnmọ́ ikùn, kí wọ́n má sì máa sọ àwòrán di ńlá ṣáá. Wọn kì í fi òjé bo ikùn: ó máa ń dí ohun tí wọ́n fẹ́ wò, tó bá sì wọnú àwòrán, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á fi kún ìtànṣán.

Ìkánjú ni àṣìṣe tí a ń rí jù. Iṣan tó sún kì tàbí ikun díẹ̀ lè mú kí ọ̀nà tó ṣí dà bí èyí tó dí. Yàrá tó mọṣẹ́ á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, á dúró díẹ̀, á tún rọra ti oògùn àwòrán náà wọlé kó tó sọ pé ó dí.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é bọ́ sí ẹ̀yìn nǹkan oṣù, ṣáájú kí ẹyin tó jáde, láìtíì sùn ti ọkùnrin láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, àyẹ̀wò oyún pọn dandan, torí ẹ̀jẹ̀ tó wá lè má jẹ́ nǹkan oṣù rárá. Kí ẹni tó ní àkóràn nínú ilé ọmọ tọ́jú ìyẹn ná.

Ibi tó súnmọ́ ilé ọmọ nìkan ni wáyà yìí wúlò fún. Bí ó bá jẹ́ ìparí ọ̀nà ló dí, tí omi sì kún inú rẹ̀, a ò ní gbani níyànjú rẹ̀: ìtànṣán lásán ni. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí lè béèrè fún àyẹ̀wò ọlọ́fóòmù, tí wọ́n ń ti fóòmù sínú ilé ọmọ, tí wọ́n sì ń fi skáànù wò ó. Kò ní ìtànṣán kankan.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa kọ iye ìṣẹ́jú tí X-ray fi ṣiṣẹ́ àti iye ìtànṣán, ní Gy·cm² (ìtànṣán ní ìlọ́po fífẹ̀ ibi tó bà), sínú èsì. Ẹ̀rọ òde òní ló ń ka méjèèjì fúnra rẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti lè fún yín, máàkì wọn wálẹ̀ lọ́dọ̀ wa.