Emulsion diazo tá à ń pò fúnra wa: mo ti lo ìgò kan tán, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ T-shirt nílé, tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe síkírìn yín fúnra yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Síkírìn ni férémù tí wọ́n ta àwọ̀n sí, tí íǹkì ń gbà kọjá sórí aṣọ. Emulsion ni ohun tá a ń pa sára àwọ̀n yẹn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn á le, ibi tí dúdú dìsáìnì bá bò á fọ̀ kúrò lábẹ́ omi. Mo ti lo ìgò emulsion diazo kan tán porogodo, mo ti pò èkejì, síkírìn tí mo ti fi ṣe ti lé ní ogún, torí náà kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni mo fẹ́ sọ. Orúkọ tó wà lára ìgò kọ́ ló ṣe kókó, irú emulsion tó jẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ti pò tán kó tó dé ọwọ́ yín, tí wọ́n ń pè ní photopolymer, èyí tẹ́ ẹ máa fi diazo pò fúnra yín, àti dual-cure tó da méjèèjì pọ̀. Ti diazo ni mo wá yìn, mo sì máa sọ ibi tó kù sí.

Kì í ṣe pé diazo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ti pò tán ni mo kọ́kọ́ rà, aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan, torí wọ́n ní ó yá, ó sì yá lóòótọ́. Iná UV LED oní-50 wáàtì ni mò ń lò, mo gbé e ga tó nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà, pẹ̀lú iná yẹn photopolymer ò gbà ju nǹkan bí 30 sẹ́kọ́ǹdù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ 30 ló tọ́ sí i tẹ́ ẹ wá fún un ní 40, ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e nìyẹn, lẹ́tà tín-ín-rín ti dí pa, tẹ́ ẹ bá sì fún un ní 20, bí omi bá ṣe ń kàn án báyìí ni gbogbo ẹ̀ á máa ṣí lọ. Síkírìn mẹ́rin ni mo bà jẹ́ léra wọn, inú mi bàjẹ́ débi pé mo gbé férémù sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò fẹ́ fojú kàn án. Emulsion yẹn ò burú, mi ò bú u, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tó ń ṣe ọ̀pọ̀ síkírìn lójúmọ́, òun ni wọ́n ṣe é fún, á gbádùn ẹ̀. Àmọ́ èmi tó jẹ́ pé fóònù ni mo fi ń ka sẹ́kọ́ǹdù nínú balùwẹ̀, kò bá mi lára mu.

Diazo ní tiẹ̀, ìgò méjì ló máa ń wá. Ìgò ńlá tí emulsion fúnra ẹ̀ wà nínú ẹ̀, tèmi jẹ́ búlúù, ó nípọn bí oyin, àti ìgò kékeré dúdú kan tó jẹ́ pé ẹ̀tù díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀tù yẹn ni diazo, òun ló ń jẹ́ kí emulsion mọ ìmọ́lẹ̀ lára. Ẹ máa bu omi sínú ìgò kékeré yẹn, distilled water ló dáa jù, ẹ mì í dáadáa, ẹ jẹ́ kó sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tún mì í, torí ẹ̀tù tí kò bá yọ́ máa di kóró lórí àwọ̀n, kóró kọ̀ọ̀kan sì máa di ihò tó bá yá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ dà á sínú ìgò ńlá, ẹ fi igi tàbí ṣíbí oníke rò ó. Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, omi diazo tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn á wọnú búlúù, ẹ máa kọ́kọ́ rí i ní ìlà ìlà, tó bá yá gbogbo ẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Tí ìlà búlúù kan bá ṣì ń yọ látìsàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rò ó, kò tíì tó, ẹ máa rò ó lọ.

Ẹ má lò ó lójú ẹsẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ ti wọnú ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó, ìfófó wẹ́wẹ́ ti kún inú ẹ̀, ìfófó kan tó bá gbẹ sórí àwọ̀n ihò ló máa di. Ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pò ó sórí ìdérí torí ọjọ́ yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Tèmi lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú yàrá lásán tí ò ṣe nǹkan kan, èyí tó kù mo gbé e sí fíríìjì (kó má ṣáà di yìnyín), ó tún lé ní oṣù méjì níbẹ̀. Tó bá ti ń bàjẹ́, ẹ máa mọ̀: dìsáìnì ò ní fẹ́ ṣí mọ́ lábẹ́ omi, bó ti wù kẹ́ ẹ dín àkókò iná kù tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù òkùnkùn, wọ́n rò pé àfi kéèyàn máa ṣe é bí ẹni tó fọ́jú. Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ tó ń mú un ni UV àti búlúù, láàárín nǹkan bí 350 sí 420 nánómítà, iná aláwọ̀ ìyeyè kò ṣe é ní nǹkan kan. Gílóòbù ìyeyè kan ṣoṣo ni mo fi sí balùwẹ̀, mo fi páálí dí fèrèsé, ó tán. Nígbà tó ṣì tutù gan-an, ìmọ́lẹ̀ ò tètè ràn án, ìgbà tó bá gbẹ ni ìmọ́lẹ̀ ń tètè ràn án.

Kẹ́ ẹ tó pa á sára síkírìn, ẹ fọ òróró kúrò lára àwọ̀n, bó tiẹ̀ jẹ́ tuntun ni. Degreaser wà fún un, ọṣẹ ìfọwọ́ tó ní ìpara nínú kọ́ o, ìyẹn á tún fi òróró míì síbẹ̀ ni. Tó bá ti mọ́, omi á tẹ́ lọ pẹrẹsẹ lórí ẹ̀, kò ní máa kó jọ ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Pípa á gan-an kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Scoop coater, ìyẹn ọpọ́n gbọọrọ tá a fi ń pa emulsion, ló dáa jù, èyí tó fẹ̀ díẹ̀ dín sí inú férémù. Ẹ bu emulsion sínú ẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ gbé síkírìn dúró, ẹ fi ẹnu coater lé ìsàlẹ̀ àwọ̀n, ẹ dúró díẹ̀ títí emulsion fi máa kan àwọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ wá fà á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta, ìyẹn ojú tó máa kan aṣọ, kẹ́ ẹ fi ti inú níbi tí squeegee, ìyẹn rọ́bà tá a fi ń fa íǹkì, ń gbà parí. Lórí àwọ̀n 110, ìyẹn èyí tó ní fọ́nrán 110 nínú ínǹṣì kan, tí àwọn tó ń fi sẹ̀ǹtímítà kà á ń pè ní 43, ẹ̀ẹ̀kan níta ẹ̀ẹ̀kan nínú ti tó. Mo ti gbìyànjú méjì-méjì, ó kàn pẹ́ kó tó gbẹ ni, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ dáa sí i.

Ó wá ku gbígbẹ, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ẹ̀bi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá emulsion, ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni. Ẹ tẹ́ férémù sílẹ̀ gbalaja, ojú tó máa kan aṣọ ni kó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan gbé igun ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Bó bá wà báyẹn, emulsion á fúnra ẹ̀ rọra sọ̀ sí ojú tó máa kan aṣọ, á sì tẹ́ dáadáa níbẹ̀, òun ló máa jẹ́ kí etí dìsáìnì gún nígbà tí íǹkì bá ń kọjá. Ẹ tan fáànù sí i. Tí ooru bá wà ẹ má jẹ́ kó kọjá 40 dígírì, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ má sì ju ìdá 50 nínú 100 lọ tó bá ṣeé ṣe. Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé kó máà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti gbẹ. Mo pa síkírìn méjì lọ́jọ́ kan náà, emulsion kan náà, àwọ̀n kan náà. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ nínú ẹ̀, wákàtí méjì ni mo fún un, nígbà tí mo fọwọ́ kàn án ó gbẹ, ó ń dán. Mo gbé èkejì sí yàrá, fáànù fẹ́ ẹ mọ́jú. Mo fún àwọn méjèèjì ní ìṣẹ́jú kan náà lábẹ́ iná kan náà. Ti balùwẹ̀ yẹn, bí mo ṣe bomi sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, gbogbo ẹ̀ bọ́ sínú garawa. Ti yàrá dúró digbí. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú emulsion ni kì í jẹ́ kó le bó ṣe yẹ, iná yòówù kẹ́ ẹ fún un. Látọjọ́ náà, mi ò gbé síkírìn sábẹ́ iná lọ́jọ́ tí mo pa á mọ́.

Ọ̀rọ̀ fíìmù, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tá a tẹ dìsáìnì sí: dúdú tó wà lára ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú. Ẹ gbé e sókè síná, tẹ́ ẹ bá rí gílóòbù gba àárín dúdú yẹn, UV náà á gbà á kọjá, ẹ tẹ méjì kẹ́ ẹ kó wọn léra. Ẹ gbé ojú tí íǹkì wà kó kan emulsion, láti inú síkírìn ni kẹ́ ẹ ti lè kà á dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi gíláàsì tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀.

Níbi ìmọ́lẹ̀ yìí ni diazo ti gba ọkàn mi. Mo fi páálí ṣe ìdánwò lórí síkírìn kan, mo bo gbogbo ẹ̀ yàtọ̀ sí apá kan, mò ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí apá kan fi gba ìṣẹ́jú 2, òmíràn 3, 4, 5, apá tí mo kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ sì gba 6. Apá 2 yọ̀ lọ. Apá 3 dúró, àmọ́ nígbà tí mo fi ìka pa á láti inú ó ń yọ̀ bí ara ìgbín, emulsion rọra mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹn ni pé iná ò tíì wọ̀ ọ́ dénú. Apá 4 le, ojú lẹ́tà kékeré ṣí dáadáa. Apá 5 náà dáa, ìlà tín-ín-rín jù nìkan ló fẹ́ dí. Ẹ rí i pé láàárín 4 sí 5 mo ní odindi ìṣẹ́jú kan láti ṣàṣìṣe! Ẹni tó ti fi sẹ́kọ́ǹdù 10 ba síkírìn jẹ́ rí ló mọ bí ìyẹn ṣe ń tuni lára tó. Àwọ̀ ẹ̀ tún máa ń ṣàlàyé fún yín, ibi tí iná bá ti jẹ dáadáa, ìyeyè inú ẹ̀ á ṣí kúrò, á padà sí búlúù, tí ìyeyè bá ṣì kù níbi tí iná kàn, ẹ fi kún un. Ẹ má wo iná UV yẹn lójú o, ẹ kúrò nínú yàrá tàbí kẹ́ ẹ bò ó.

Lẹ́yìn iná ẹ tètè bomi sí ojú méjèèjì, omi tútù tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa rí i tí dìsáìnì á kọ́kọ́ yọ bí òjìji, àwọ̀ ẹ̀ á funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, àwọn ibẹ̀ á wú díẹ̀, lẹ́yìn náà ihò àkọ́kọ́ á ṣí ní etí lẹ́tà kan, ìmọ́lẹ̀ á yọ láti ẹ̀yìn, ìyókù á tẹ̀lé e. Omi ṣáwà inú balùwẹ̀ lásán ti tó, láti ìta ni kẹ́ ẹ ti máa fọ̀n ọ́n. Mo ti ṣe é lé ní ogún ìgbà, àyà mi ṣì máa ń já síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Tó bá ti gbẹ ẹ tún gbé e sí oòrùn kó le sí i, kẹ́ ẹ fi emulsion díẹ̀ tàbí téèpù dí ihò bíńtín tẹ́ ẹ bá rí.

Ohun tí inú mi ò dùn sí: ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀ ò wúlò. Àkókò kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò sọ àwọ̀n wo, wọn ò sọ ẹ̀ẹ̀melòó lèèyàn máa pa á, ẹni tó bá gbára lé e á ba nǹkan jẹ́. Lẹ́tà ìkìlọ̀ kéré débi pé fóònù ni mo fi fẹ̀ ẹ́ kí n tó rí i kà. Ẹ tún wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á, bóyá íǹkì olómi ni wọ́n ṣe é fún àbí plastisol, ìyẹn íǹkì oníke tí kò ní omi nínú, torí èyí tí kò bá fara da omi á máa rọ̀ lójú iṣẹ́. Tèmi fara da omi, mo tẹ aṣọ tó lé ní ọgọ́ta lórí síkírìn kan kí ihò kékeré tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí ẹ̀. Tí iṣẹ́ yín bá sì jẹ́ ti kánjúkánjú, tí oníbàárà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, diazo á dá yín dúró, mi ò ní parọ́. Ní ti ìlera yín, láyé àtijọ́ bichromate ni wọ́n ń fi sí emulsion, májèlé gidi ni, diazo ò rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Yíyọ ọ́ kúrò rọrùn. Kẹ́míkà tó ń yọ ọ́ ní sodium metaperiodate nínú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí ojú méjèèjì, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ máa rí emulsion tó ń yọ́, kẹ́ ẹ fomi fọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ sórí síkírìn láéláé, tó bá gbẹ, emulsion yẹn ti di ara àwọ̀n títí ayé, àwọ̀n tuntun lẹ máa rà. Férémù tí mo gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà yẹn, òun náà ni mo ṣì ń lò. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè síná ẹ ṣì máa rí òjìji dìsáìnì àkọ́kọ́ tó yọrí lórí ẹ̀, àmọ́ kì í hàn lára aṣọ.