Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó tún odò wa ṣe fún ẹja salmon

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá sọ ibi tí ọ̀kan tó kù bá lọ.

Willapa Hills, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni igbó èmi àti ọkọ mi wà. Odò kékeré kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń lọ pàdé odò Chehalis. Àwọn agégẹdú ti gé ibẹ̀ kanlẹ̀ kí a tó rà á, ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń gbà ló sì kó bá odò náà jù. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà á ya wọ inú omi. Ẹyin salmon kì í léfòó o. Abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò ni ìyá ń bò ó mọ́, omi tó ń gba àárín òkúta kọjá ló ń gbé atẹ́gùn wá fún un. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ibẹ̀ pa, ẹyin á kú síbẹ̀.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wọn kọ́kọ́ wá, wọn ò tíì dárúkọ owó. Bàbá náà wọ omi, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ òkúta kan, wọ́n dì í mọ́wọ́ pinpin. Omi tó ń jò láàárín ìka wọn dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Wọ́n ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò nìyẹn tí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe ẹwà afárá.

Páìpù irin àtijọ́ kan wà lábẹ́ ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ga ju omi lọ, ọmọ ẹja ò sì lè gòkè kọjá ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló bá wa dá sí owó èyí: láti 2003 ni ètò kan ti wà fún àwa tí igbó wa ò pọ̀, wọ́n ń san 75 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbaṣẹ́ṣe yìí ta àwọ̀n sókè àti sísàlẹ̀, wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kó ẹja kúrò, wọ́n darí omi gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí katakata tó fọwọ́ kan ilẹ̀. Afárá rọ́pò páìpù.

Ìtì igi ló wù mí jù. Láyé ọjọ́un, àwọn aláṣẹ fúnra wọn máa ń kó igi tó bá wó sódò kúrò, wọ́n rò pé ó ń dí ẹja lọ́nà. Bẹ́ẹ̀, igi yẹn ló ń gbẹ́ ibú, ọmọ coho, irú salmon kan, sì máa ń lò ju ọdún kan lọ nínú odò kó tó wọ òkun, ó nílò ibi tó máa sá sí. Àwọn agbaṣẹ́ṣe wa ri ìdí igi sídà mọ́ etí odò, wọ́n kọ gbòǹgbò rẹ̀ sójú ìṣàn. Nígbà tí òtútù fi máa tán, ibú tó mù mí dé ìbàdí ti wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ tó lọ ńkọ́? Wọ́n tú ọ̀nà gẹdú orí òkè, wọ́n dá erùpẹ̀ rẹ̀ padà sára òkè dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò fi koríko gbígbẹ bò ó kí wọ́n tó lọ. Òjò October dé. Mo dúró létí odò láàárọ̀, omi ti pọ́n, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Mo pè wọ́n, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó yọjú. Wọ́n bo ibẹ̀, wọn ò gba owó kankan, àmọ́ ẹrẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ti wọ odò. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ kọ koríko yẹn àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé orí ilẹ̀ sínú ìwé àdéhùn.

Ní November ọdún kejì, abo coho kan dé ìsàlẹ̀ sídà náà. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fi ìrù na òkúta. Mo ń retí ẹrẹ̀. Ohun tó rú sókè ò ju èéfín àdògán lọ, ìṣàn sì ti gbé e lọ kó tó na ìrù lẹ́ẹ̀kejì.